Koríko Tútù, Màlúù Gbígbẹ: Ìtàn Ohun Tí Ojú Kò Rí Nínú Pápá

Ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí dá lórí koríko, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan. Ó kan gbogbo ẹni tó ń jẹ ẹran, tó ń mu wàrà, tàbí tó ti dá sí àríyànjiyàn lórí ibi tó yẹ kí màlúù máa gbé ní ilẹ̀ wa.

Bí ẹnì kan bá bi wá pé kí ni màlúù nílò, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu ni koríko àti omi. Bí koríko bá tutù yọ̀yọ̀, tí omi sì wà nítòsí, a ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ní àwọn ibì kan láyé yìí, èrò yìí gan-an ló kó àgbẹ̀ sí gbèsè, tó pa ẹran lọ rẹpẹtẹ, tó sì da àwọn onímọ̀ láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Màlúù ń jẹko lójoojúmọ́, ó sì ń kú lọ. Ohun tí ìtàn náà kọ́ wa kò gùn: koríko kì í hù nítorí màlúù. Nítorí ara rẹ̀ ló ṣe ń hù. Èròjà tí òun fúnra rẹ̀ kò bá nílò, kò ní tìtorí màlúù wá a jáde nínú ilẹ̀.

Ilẹ̀kùn mẹ́ta

Kí èròjà kan tó kúrò nínú ilẹ̀ wọ ara màlúù, ilẹ̀kùn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Àkọ́kọ́ ni àpáta tí ilẹ̀ náà ti wá. Àpáta ló ń fọ́ díẹ̀díẹ̀ tó ń di erùpẹ̀. Ohun tó bá ṣọ̀wọ́n nínú àpáta yóò ṣọ̀wọ́n nínú erùpẹ̀ rẹ̀, òjò a sì tún máa fọ̀ lọ nínú ìwọ̀nba tó wà. Èkejì ni gbòǹgbò. Èròjà lè wà nínú ilẹ̀ kí gbòǹgbò má rí i gbà, bóyá torí pé èròjà mìíràn ti dì í mú, bóyá torí pé ilẹ̀ náà kan jù tàbí kò kan tó. Ẹ̀kẹta ni inú màlúù. Èròjà lè bá koríko wọlé dáadáa kí òmíràn pàdé rẹ̀ nínú ikùn, kó sì dí i lọ́nà.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan tún wà o. Màlúù a máa gbé erùpẹ̀ mì pẹ̀lú koríko, pàápàá nígbà tí koríko bá kúrú tí ẹnu ẹran fi ń kan ilẹ̀. Erùpẹ̀ yẹn náà ń gbé èròjà wọlé láìgba ọ̀dọ̀ gbòǹgbò kọjá rárá.

Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tó ń wo koríko kò lè rí ọ̀kankan nínú ilẹ̀kùn wọ̀nyí. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí aráyé tó mọ̀ wọ́n.

Màlúù tó ń jẹ egungun

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Gúúsù Áfíríkà. Àìsàn kan wà níbẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ tó ń sọ èdè Afrikaans ń pè ní lamsiekte, ìyẹn àìsàn arọ. Ẹsẹ̀ màlúù tó bá ń ṣe a kọ́kọ́ rọ, kò ní lè jẹun mọ́, kò ní lè dìde mọ́, a sì kú. Oríṣiríṣi àlàyé ni wọ́n ti ṣe sí i, títí dórí pé koríko olóró ni ẹran ń jẹ.

Ẹni tó tú ọ̀rọ̀ náà ni Arnold Theiler, oníṣègùn ẹranko tó jẹ́ ọmọ Switzerland, tó sì jẹ́ olùdarí àkọ́kọ́ fún ilé ìwádìí Onderstepoort tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́bàá Pretoria ní 1908. Ó kó iṣẹ́ lọ sí oko kan nítòsí ìlú Vryburg tí wọ́n ń pè ní Armoedsvlakte. Orúkọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ túmọ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ òṣì, orúkọ náà sì ro oko náà. Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé màlúù ibẹ̀ ń jẹ egungun. Egungun àwọn ẹran tó ti kú sínú pápá ni wọ́n ń ṣà jẹ, bí ajá.

Àlàyé tí Theiler gbé jáde ní 1920 ní ipele méjì. Fọ́sífọ́rọ́sì kò tó nínú ilẹ̀ ibẹ̀, nítorí náà kò tó nínú koríko. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí koríko gbó tó sì gbẹ, ìwọ̀nba tó wà nínú ewé a tún dín kù sí i. Egungun sì ni ibi tí fọ́sífọ́rọ́sì pọ̀ sí jù nínú ara ẹranko. Ara màlúù ló ń wá ohun tó sọnù kiri. Ipele kejì ni pé kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú òkú ẹran tó máa ń pèsè oró búburú, oró yẹn ló ń sọ màlúù di arọ. Òkú ló pa màlúù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló lé e débi òkú.

Ìwòsàn rẹ̀ kò le. Wọ́n fún màlúù ní egungun lílọ̀ tó mọ́, wọ́n sì kó òkú ẹran kúrò nínú pápá. Màlúù jáwọ́ nínú egungun jíjẹ, wọ́n sanra, àìsàn náà sì rọlẹ̀.

Ní ti fọ́sífọ́rọ́sì, ìyà náà kan koríko, torí òun náà nílò rẹ̀. Màlúù náà sì fi ìṣe rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ku kí èèyàn gbọ́. Ìtàn tó le jù ni ti ibi tí koríko kò ti ṣàìsàn, tí màlúù kò sì sọ ohun kan.

Àìsàn igbó

Ní New Zealand, àwọn òkè ayọnáyèéfín wà ní àárín Erékùṣù Àríwá. Láti àtètèkọ́ṣe ni wọ́n ti ń da eérú àti òkúta fúyẹ́fúyẹ́ sórí ilẹ̀ tó yí Taupo àti Rotorua ká. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ dó síbẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún 19, wọ́n gé igbó, wọ́n gbin koríko ilẹ̀ Yúróòpù, koríko náà sì hù dáadáa. Wọ́n wá kó màlúù àti àgùntàn wọ inú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹran fi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ mọ́, irun ara wọn kò dán mọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn ń dín kù, wọ́n sì ń kú sínú koríko tútù. Wọ́n pè é ní àìsàn igbó.

Ohun mẹ́ta ló ya àwọn àgbẹ̀ lẹ́nu. Ẹṣin tó ń jẹko nínú pápá kan náà kò ṣàìsàn. Àìsàn náà kì í sì í ran ẹran láti ara ẹran. Èyí tó wá jọni lójú jù ni pé bí wọ́n bá tètè kó ẹran tó ń rù lọ sí ilẹ̀ mìíràn, ara rẹ̀ a yá. Àwọn àgbẹ̀ tó ní ilẹ̀ sí ibòmíràn a máa kó ẹran wọn lọ gba afẹ́fẹ́ níbẹ̀, wọn a sì dá wọn padà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìkẹta yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Bernard Aston, ọ̀gá àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, ló dojú kọ ọ̀rọ̀ náà. Ó wò ó pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹran yìí kò tó. Àìtó ẹ̀jẹ̀ máa ń bá àìtó irin rìn. Ó ní kí wọ́n fún ẹran ní èròjà tó ní irin nínú, ọ̀pọ̀ ẹran sì yá. Láàrin àwọn ohun tí wọ́n lò ni limonite, òkúta kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ìpẹtà, tó kún fún irin. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n gbé e síwájú ẹran pé kó máa lá a.

Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání, ìwòsàn sì tẹ̀ lé e. Ta ni yóò tún máa wádìí? Ṣùgbọ́n ohun kan ń dí ojú ọ̀nà: irin kan ń ṣiṣẹ́, òmíràn kò ṣiṣẹ́. Limonite tí wọ́n wú níbì kan a wo ẹran sàn, ti ibòmíràn kò ní ṣe ohun kan. Síbẹ̀ àlàyé irin jókòó síbẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Láàrin ọdún wọ̀nyẹn, àwọn àgbẹ̀ kan fi oko sílẹ̀ lọ. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Kaingaroa, igi páìnì ni wọ́n gbìn, torí wọ́n ti gbà pé ilẹ̀ náà kò ṣeé sin ẹran. Igbó páìnì yẹn wà níbẹ̀ dòní, ọ̀kan nínú àwọn igbó àgbìn tó tóbi jù lọ ní ìhà gúúsù ayé. Bí a bá rí igbó yẹn nínú àwòrán, ẹ jẹ́ ká rántí pé èròjà kan tí kò tó nínú ilẹ̀ wà lára ohun tó bí i.

Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ní Ọsirélíà, irú àìsàn yìí wà ní ibi méjì tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lé e lórí nígbà kan náà.

Ibi kìíní ni ìlú kékeré kan ní etíkun gúúsù Western Australia tó ń jẹ́ Denmark. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè Yúróòpù yẹn o, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Ní àwọn ọdún 1920, ìjọba kó àwọn èèyàn láti Bìrìtìkó wá síbẹ̀ pé kí wọ́n wá gé igbó, kí wọ́n sì máa sin màlúù fún wàrà. Wọ́n gé igi tó ga bí ilé alájà, wọ́n gbin koríko, wọ́n ra màlúù. Màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó fi gbogbo ohun tí wọ́n ní sínú oko yẹn ló kó ẹrù wọn tó kúrò níbẹ̀.

Dókítà ẹranko kan, John Filmer, àti onímọ̀ oúnjẹ ẹran kan, Eric Underwood, ni wọ́n ní kí wọ́n wádìí rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́ nípa limonite, wọ́n dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ inú àwọn ẹran tó ti kú wò, irin kún inú ẹ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ wá di àdììtú. Bí irin bá ṣọ̀wọ́n lóòótọ́, ẹ̀dọ̀ tó ń tọ́jú irin ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣófo. Báwo ni ẹran yóò ṣe ní irin lápò tí yóò tún máa kú ikú àìní irin?

Wọ́n ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ronú láti ṣe fún ogún ọdún. Wọ́n mú limonite, wọ́n fi ọgbọ́n kẹ́mísìrì yọ irin inú rẹ̀ kúrò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Èyí tó ṣẹ́kù, tí kò ní irin, ni wọ́n fún ẹran. Ẹran yá. Wọ́n wá pín ìyókù yẹn sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń dán ìpín kọ̀ọ̀kan wò, títí wọ́n fi kan kóbáàtì. Ọdún 1935 nìyẹn.

Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Kóbáàtì ni ìdọ̀tí inú irin. Limonite tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí kóbáàtì bá wọ inú rẹ̀, èyí tí kò ṣiṣẹ́ ni èyí tó mọ́ jù. Oògùn Aston gbéṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ àlàyé rẹ̀ kò tọ̀nà. Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí fún àwa tó ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì: pé oògùn wo àìsàn kò túmọ̀ sí pé a mọ ohun tó ṣe aláìsàn.

Ibi kejì ni South Australia. Ní etíkun ibẹ̀ àti ní Kangaroo Island, ilẹ̀ kan wà tó jẹ́ ìkarahun òkun tó rún di iyanrìn. Àgùntàn tó bá ń jẹko lórí rẹ̀ a máa ní ohun tí wọ́n ń pè ní àìsàn etíkun. Hedley Marston àti Edward Lines, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Adelaide, gba ọ̀nà tiwọn dé ibì kan náà ní 1935: mílígíráàmù 1 kóbáàtì lóòjọ́ gbé àgùntàn tó ti ń kú lọ dìde. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé kóbáàtì nìkan kọ́ ló ṣọ̀wọ́n lórí iyanrìn yẹn, bàbà náà ṣọ̀wọ́n. Ilẹ̀ kan, àìní méjì.

Ìròyìn dé New Zealand. Ní ilé ìwádìí Cawthron ní ìlú Nelson, wọ́n fi hàn pé kóbáàtì ni àìsàn igbó ń wá, obìnrin onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, Elsa Kidson, sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn kóbáàtì inú oríṣiríṣi ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n rí i pé kò sí ìdí láti máa mú ẹran lọ́kọ̀ọ̀kan fi oògùn sí i lẹ́nu. Wọ́n po kóbáàtì mọ́ ajílẹ̀ superphosphate tí àgbẹ̀ ń fọ́n tẹ́lẹ̀, koríko gbà á, ẹran jẹ ẹ́. Ìwọ̀n tí wọ́n wá ń fọ́n kò ju nǹkan bíi gíráàmù 350 kóbáàtì sulphate sórí hẹ́kítà kan. Àgọ́lọ iyọ̀ kékeré kan lè gbà á. Ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ti sá kúrò lórí rẹ̀ di ilẹ̀ wàrà.

Ẹ jẹ́ ká tún wo bí ohun náà ti kéré tó nínú koríko. Nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù nínú kílò koríko gbígbẹ ló tó ẹran. Bí a bá kó tọ́ọ̀nù 10 koríko gbígbẹ jọ, gíráàmù 1 péré ni. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó lè rí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ nígbà yẹn. Ara ẹran ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò wọn.

Inú ṣàkì

Kí wá ni kóbáàtì ń ṣe? Ìdáhùn wá láti ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò retí, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú èèyàn.

Ní 1926, George Minot àti William Murphy ní Amẹ́ríkà kéde pé jíjẹ ẹ̀dọ̀ púpọ̀ ń gba àwọn tó ní irú àìtó ẹ̀jẹ̀ kan tó máa ń pani là. Àwọn méjèèjì àti George Whipple gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ wọn lórí ẹ̀dọ̀ ní 1934. Ó gba ọdún méjìlélógún kí wọ́n tó rí ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀ yẹn gan-an. Ní 1948, àwọn ikọ̀ méjì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà lábẹ́ Karl Folkers, èkejì ní Bìrìtìkó lábẹ́ Lester Smith, yọ ọ́ jáde: ohun pupa kan tó ń dán, tí wọ́n pè ní fítámì B12. Nígbà tí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, kóbáàtì ló jókòó sí àárín rẹ̀. Dorothy Hodgkin ló wá fi ìmọ́lẹ̀ X-ray tú bí wọ́n ṣe to gbogbo rẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel ti 1964 tí iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó mú un bá a, ilẹ̀ Gánà ni ìròyìn rẹ̀ ti bá a, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá yé wa. Màlúù kò lè dá fítámì B12 ṣe. Inú ṣàkì, àní ṣàkì tí à ń fi jẹ àmàlà yìí, ni àìmọye kòkòrò àìfojúrí ń gbé, àwọn ni wọ́n ń fi kóbáàtì ṣe é. Nígbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún kóbáàtì sínú ẹran, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gbà á sí i lẹ́nu, ó ṣiṣẹ́. Ní 1951, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún fítámì B12 fúnra rẹ̀ sí àgùntàn tí kò ní kóbáàtì, wọ́n sì yá. Ẹjọ́ parí.

Ó yé wa bákan náà ìdí tí ẹṣin fi bọ́. Màlúù kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ṣúgà gbà láti inú koríko. Kòkòrò inú ṣàkì ló ń sọ koríko di ásíìdì, ásíìdì yẹn ni màlúù ń fi ṣe agbára. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, propionic acid, kò ṣeé lò láìsí fítámì B12. Nítorí náà, màlúù tí kò ní kóbáàtì dà bí ẹni tó ní ìṣáná àti igi ìdáná lórí ilẹ̀ tó tutù rinrin. Oúnjẹ wà, kò lè jó. Ẹṣin kò ní ṣàkì, kò sì gbára lé ásíìdì yẹn tó bẹ́ẹ̀.

Koríko ńkọ́? Koríko kò nílò kóbáàtì láti hù, àfi àwọn kòkòrò tó ń gbé nínú kókó gbòǹgbò àwọn ẹbí ẹ̀wà. Èyí ni gbogbo àdììtú náà. Èyí tó bá bá omi wọ gbòǹgbò ló wọ̀ ọ́. Koríko lè tutù, kó ga, kó sì kún, kí ẹni tó ń jẹ ẹ́ máa kú lọ.

Nígbà tó bá pọ̀ jù

Kí a má bàa rò pé fífi kún un ni gbogbo ìdáhùn, ìtàn kan wà láti Somerset ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn pápá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní teart. Màlúù tó bá jẹko níbẹ̀ a máa ya ìgbẹ́ gbuuru, irun rẹ̀ a ṣá, a sì rù. Ní 1938, Ferguson, Lewis àti Watson kéde pé molybdenum ló pọ̀ jù nínú koríko náà. Molybdenum yìí ló ń dí bàbà lọ́nà nínú ikùn ẹran. Oògùn tó ṣiṣẹ́ ni pé kí wọ́n fún màlúù ní bàbà sí i. Àgbẹ̀ tó bá sì fọ́n láìmù sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí koríko lè ṣe dáadáa ń dá kún ọ̀ràn ni, torí bí ekan ilẹ̀ bá ti ń dín kù ni gbòǹgbò ń rí molybdenum gbà sí i, bẹ́ẹ̀ ni kóbáàtì ń di ohun tó ṣòro fún un láti rí gbà. Ohun tó dára fún koríko kọ́ ló máa ń dára fún màlúù nígbà gbogbo.

Àwa ńkọ́?

Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, eṣinṣin tsetse kò jẹ́ kí ilẹ̀ Yorùbá di ilẹ̀ màlúù lọ títí. Darandaran ló ń kó wọn wá láti òkè, tó ń kó wọn kọjá. Àwọn darandaran wọ̀nyí kò ka kẹ́mísìrì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ kánwún. Kánwún tí à ń fi se ẹ̀wà àti ewédú, tí wọ́n ń gbé wá láti agbègbè adágún Chad, àwọn Fúlàní a máa fún màlúù wọn lá. Ohun tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni sódíọ̀mù, èròjà tí ọ̀pọ̀ koríko kò nílò, tí màlúù kò sì lè ṣe láìní. Ìtàn kóbáàtì kan náà ni, tí àwọn tó ń bá ẹran gbé ti tú tipẹ́ láìsí yàrá àyẹ̀wò.

Wọ́n tún mọ ohun tí àwọn àgbẹ̀ New Zealand mọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìkẹta tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn: ẹ gbé ẹran kúrò níbì kan. Màlúù tó ń rìn láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ ń jẹ lórí oríṣiríṣi àpáta. Ohun tí ibì kan kò ní, ibòmíràn lè fún un.

Ṣùgbọ́n ayé ìrìn yẹn ń lọ sópin. Èkìtì ṣòfin lórí fífi ẹran jẹko káàkiri ní 2016. Ní oṣù Karùn-ún 2021, àwọn gómìnà ìhà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n fẹnu kò pé kí fífi màlúù jẹko ní gbangba dópin, àwọn ìpínlẹ̀ wa yòókù sì ṣòfin tiwọn. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ẹran ọ̀sìn sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀: oko tó bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn, ìbẹ̀rù tó wà lójú ọ̀nà. A kò sọ pé kí a padà sí ti àtijọ́. Ohun tí à ń sọ ni pé ọjọ́ tí a bá sé màlúù mọ́ inú ọgbà kan ni ilẹ̀ ọgbà yẹn di oúnjẹ kan ṣoṣo tó ní. Àìní ilẹ̀ yẹn di àìní màlúù yẹn, kò sí ibòmíràn tí yóò ti rí àfikún.

Bí ẹ bá fetí sí àríyànjiyàn lórí ọgbà ìjẹko, ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ ni hẹ́kítà mélòó, owó mélòó, ta ni yóò ni ín. A kì í sábà gbọ́ kí ẹnì kan béèrè pé kí ni ó wà nínú ilẹ̀ náà. Ìbéèrè yẹn kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn tó ti jókòó nínú kíláàsì ìmọ̀ ilẹ̀ láàrin wa mọ orúkọ Ìwó, Ẹ̀gbẹ̀dá àti Ìtagunmọ́dì, ìyẹn orúkọ tí Smyth àti Montgomery fi pe oríṣi ilẹ̀ wa nínú ìwé wọn ti 1962, ní ìbámu pẹ̀lú àpáta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wá láti inú rẹ̀. Ilẹ̀ tó wá láti ara àpáta funfun tó ní iyanrìn nínú àti ilẹ̀ tó wá láti ara àpáta dúdú kò lè bọ́ màlúù bákan náà. Ilẹ̀ tí kòkó ti jẹ́ ọba ọ̀gbìn ni wọ́n ń wò nígbà yẹn. Ẹnì kan ní láti fi ojú màlúù wò ó báyìí.

Iṣẹ́ náà kò ju agbára wa lọ. Kí wọ́n tó na okùn ọgbà ìjẹko kankan, kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ koríko wò nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ ẹran tó ń jẹ níbẹ̀ wò. Ilẹ̀kùn mẹ́ta, àyẹ̀wò mẹ́ta. Òkúta iyọ̀ tí à ń rà fún ẹran lá dára, ṣùgbọ́n Somerset ti kọ́ wa pé èyí tí wọ́n pò fún ilẹ̀ ẹlòmíràn lè má ba tiwa mu.

Ní yunifásítì, ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ wà lọ́tọ̀, ti ọ̀gbìn wà lọ́tọ̀, ti ẹran wà lọ́tọ̀, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀. Èròjà kan ṣoṣo ló sì ń gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Ẹ̀yin tó ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá yín lọ́dún yìí, ẹ wá ọ̀rẹ́ kan ní ẹ̀ka kejì, kí ẹ jọ gbé erùpẹ̀, koríko àti ẹ̀jẹ̀ láti inú pápá kan náà. Ẹ̀yin àgbà tó wà nílé iṣẹ́ ìjọba àti lóko, bí wọ́n bá gbé ìwé ọgbà ìjẹko wá síwájú yín, ẹ bá wa bi wọ́n ní ìbéèrè kan kí ẹ tó fọwọ́ sí i: kí ni ilẹ̀ yìí kò ní?